Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Sá Lójú Ìjà Nínú Eré Dungeons & Dragons

Ẹni tó bá ti ń ṣe eré Dungeons & Dragons fún ìgbà díẹ̀ yóò ti rí irú alẹ́ yìí rí. Ọ̀tá lágbára ju ẹgbẹ́ lọ, gbogbo wọn sì rí i bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà wọlé ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sá. Wọ́n dúró, wọ́n jà, wọ́n kú tán. Bí wọ́n bá wá ń tú u palẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó ń darí eré á ní òun ti rò pé wọ́n máa sá. Àwọn yòókù á ní kò sí bí àwọn ì bá ṣe sá. Tọ̀tún-tòsì wọn ló sì jàre. Àlàyé yìí dá lórí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ò ti bára mu: ohun tó mú sísá nira nínú òfin eré, ọ̀nà tí àwọn ìwé òfin kan gbà yanjú ẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe nídìí tábìlì tiyín.

Eré náà ní ṣókí

Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ Dungeons & Dragons, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Èèyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni atọ́kùn. Òun ló ń ròyìn ohun tó wà nínú ihò tí wọ́n wọ̀, òun ló ń pinnu ohun tí ọ̀tá ṣe, òun ló sì ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yọrí sí. Àwọn yòókù ni eléré, ẹ̀dá ìtàn kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú: jagunjagun, oṣó, àlùfáà, tàbí jàgùdà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí kò bá dájú, dáìsì ló ń bá wọn pinnu ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù ní ojú 20. Wọn kì í bára wọn díje bíi ti lúdò tàbí ayò. Ìtàn kan ni wọ́n jọ ń hun, ó sì lè gba oṣù, ó lè gba ọdún. Ìdí nìyẹn tí ikú gbogbo ẹgbẹ́ fi máa ń dunni: ìtàn tí wọ́n ti ń bá bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ á já lójijì.

Ìṣirò tó ń dá ẹsẹ̀ dúró

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé òfin ti 2014, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dà karùn-ún. Nínú rẹ̀, ìyípo ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 6. Bó bá kan ẹ̀dá kan, ó lè rìn, ó sì tún lè ṣe iṣẹ́ kan: kó lu ọ̀tá, kó pọfọ̀, tàbí nǹkan mìíràn. Ìrìn ènìyàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30. Ti ogre, òmìrán tí kò gbọ́n tó sì ń gbé kùmọ̀ kiri, jẹ́ 40. Ẹ̀dá tó bá kúrò níbi tí ọwọ́ ọ̀tá ti lè tó o, ọ̀tá yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti lù ú lẹ́ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, láìdúró dìgbà tó máa kàn án. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìkọlù ọ̀fẹ́.

Jagunjagun kan wà níwájú ogre, ó fẹ́ sá. Ọ̀nà méjì ló ní. Èkíní ni èyí tí ìwé ń pè ní Disengage: ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ra ààbò lọ́wọ́ ìkọlù ọ̀fẹ́, ó sì rin 30. Bó bá wá kan ogre, á rin 30 bá a, ìrìn 10 á ṣì kù sí i lọ́wọ́, á sì sọ kùmọ̀ lé e. Ọ̀nà kejì ni Dash: jagunjagun fi iṣẹ́ rẹ̀ sáré, ìrìn rẹ̀ di 60. Ogre kọ́kọ́ gba ìkọlù ọ̀fẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbéra. Bó bá kan òun náà, á sáré 80, á sì bá a. Lóòótọ́, kò ní ráyè lù ú nígbà yẹn torí eré tó sá ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí jagunjagun bá tún gbẹ́sẹ̀ báyìí, ìkọlù ọ̀fẹ́ mìíràn ti ń dúró dè é.

Ọ̀nà yòówù kó gbà, ẹ̀ẹ̀kan ni ogre máa ń rí àyè lù ú ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, jagunjagun ò sì lu ẹnikẹ́ni padà. Ìlù kan láti ọwọ́ ogre máa ń gba nǹkan bí àmì ẹ̀mí 13, ìyẹn iye ìyà tí ẹ̀dá lè jẹ kó tó ṣubú. Oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré kì í sábà ní tó 10 lára. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí á yàn láti dúró jà, nítorí bó bá dúró, ó kéré tán, ogre náà ń jẹ ìyà.

Bí ọ̀tá bá yàtọ̀, ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìkookò ń rin 40. Ọ̀dọ́ dírágónì púpọ̀ ń fò 80. Goblin, ẹ̀dá abàmì kékeré, kò ju 30 lọ, àmọ́ ó ní ọrun tó ń ta ẹsẹ̀ bàtà 80 láìsí ìnira, nítorí náà kò tiẹ̀ níláti lé ẹnikẹ́ni. Zombie, òkú tó ń rìn, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní 20, wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ lásán sá fún.

Ta ló máa kẹ́yìn?

Wàhálà kejì wà nínú ètò ẹni tó kàn. Níbẹ̀rẹ̀ ìjà, eléré kọ̀ọ̀kan á ju dáìsì láti mọ ipò rẹ̀, ipò yẹn ni wọ́n á sì máa tẹ̀ lé yípo. Ká ní oṣó ló kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n sá, tó sì sá. Jàgùdà tó tẹ̀ lé e gbà pé òótọ́ ni, òun náà fẹ́sẹ̀ fẹ. Lẹ́yìn wọn ló kan ogre, ìgbà tó bá máa kan jagunjagun, òun nìkan ló kù pẹ̀lú òmìrán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sá máa dà bí ọ̀dàlẹ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn á di òkú. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, kálukú á sì dúró.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ṣubú. Nínú ẹ̀dà karùn-ún, ẹ̀dá tí àmì ẹ̀mí rẹ̀ tán kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á dákú, á sì máa ju dáìsì nígbà tó bá kàn án: 10 sókè ń mú un sún mọ́ ìyè, ohun tó kéré sí i ń mú un sún mọ́ ikú, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ìpinnu. Ìgbà tí ẹnìkan bá ti dákú báyìí gan-an ni ọkàn àwọn yòókù máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí sísá. Àmọ́ wọn ò lè fi í sílẹ̀, gbígbé e sì lè dín eré wọn kù. Àsìkò tí wọ́n rántí ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn jìnnà jù.

Ẹ̀kẹrin kò sí nínú dáìsì rárá. Àwọn eléré gbà lọ́kàn ara wọn pé bí atọ́kùn bá gbé ọ̀tá kan síwájú àwọn, á jẹ́ pé àwọn lè ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn ìwé òde òní náà kọ́ atọ́kùn bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ọ̀tá mọ́ ti ẹgbẹ́, òfin wọn sì ń fún ẹni tó ṣẹ́gun ọ̀tá ní àmì ìrírí, èyí tí ẹ̀dá ìtàn fi ń lágbára sí i. Ta ló máa sá fún ohun tó gbà pé iṣẹ́ òun ni?

Ìjà ò dọlà

Ọ̀rọ̀ ò rí báyìí látilẹ̀. Ẹ wo ìwé kékeré tí Tom Moldvay ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 1981 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà. Níbẹ̀, owó wúrà kan tí ẹgbẹ́ bá gbé jáde nínú ihò jẹ́ àmì ìrírí kan. Goblin kan tí wọ́n bá pa jẹ́ 5 péré, wọ́n á sì tún pín in. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni: ẹgbẹ́ tó jí àpò wúrà 100 gbé láìyọ idà jèrè ju èyí tó bá goblin mẹ́wàá jà lọ. Nítorí náà, sísá kì í ṣe àdánù nínú ìwé yẹn, bí wọ́n bá ti lè gbé ẹrù jáde.

Ohun mẹ́ta mìíràn tún ran wọ́n lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, dáìsì ojú mẹ́fà kan ni apá kọ̀ọ̀kan ń jù láti mọ apá tó máa kọ́kọ́ ṣe, nítorí náà gbogbo ẹgbẹ́ ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó máa kẹ́yìn ò sí. Èkejì, ọ̀nà méjì ni ìwé náà fi lélẹ̀ fún fífi ẹ̀yìn rìn. Ẹni tó bá ń jà bó ṣe ń fà sẹ́yìn kò gbọdọ̀ kọjá ìlàjì ìrìn rẹ̀, àmọ́ kò sí ìyà kankan fún un. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ọ̀tá tó sì sá, ọ̀tá á rí 2 kún dáìsì rẹ̀, asà ẹni náà ò sì ní gbà á. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀tá bá ń lé wọn, wọ́n lè ju nǹkan sílẹ̀: oúnjẹ fún ẹranko, ìṣúra fún ọ̀tá tó ní làákàyè. Atọ́kùn á ju dáìsì ojú mẹ́fà. Bó bá bọ́ sí 1 dé 3, ọ̀tá á dúró ti ohun tó rí.

Àwọn ọ̀tá pàápàá ń sá nínú ìwé yẹn. Inú eré ogun ni Dungeons & Dragons ti jáde, àwọn tó ń ṣe eré ogun sì mọ̀ pé ọmọ ogun kì í jà títí ẹni ìkẹyìn á fi kú. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ojú àmì ìgboyà láti 2 dé 12. Bí ẹnìkan nínú wọn bá kọ́kọ́ kú, àti bí ìlàjì wọn ò bá lè jà mọ́, atọ́kùn á ju dáìsì ojú mẹ́fà méjì. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju ìgboyà wọn lọ, wọ́n á sá tàbí kí wọ́n túúbá. Ti goblin jẹ́ 7. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà bọ́, 15 ló ju 7 lọ, nítorí náà goblin máa ń sá dáadáa. Ti zombie jẹ́ 12, òun kì í sá láé. Ìwúlò òfin yìí kọjá ọ̀rọ̀ goblin o: eléré tó bá ń rí ọ̀tá tó ń sá, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀, yóò kọ́ pé sísá wà lára ohun tí ènìyàn lè ṣe nínú eré yìí.

Rírà á ní iye tó mọ́

Àwọn ìwé òfin kan tó dé lẹ́yìn gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n mú ọ̀rọ̀ sísá kúrò nínú ẹsẹ̀ bàtà àti dáìsì pátápátá. Nínú 13th Age, tí Rob Heinsoo àti Jonathan Tweet kọ, tó jáde ní 2013, bó bá kan ẹ̀dá ìtàn èyíkéyìí, eléré kan lè dábàá pé kí wọ́n sá. Bí gbogbo wọn bá gbà, wọ́n ti sá nìyẹn. Wọ́n gbé àwọn tó ṣubú, kò sí ìkọlù ọ̀fẹ́, kò sí dáìsì. Ohun tí wọ́n fi san án ni pé nǹkan á bà jẹ́ fún wọn nínú ìtàn ńlá tí wọ́n ń bá bọ̀: ètùtù tí wọ́n fẹ́ dá dúró á wáyé, tàbí ìlú tí wọ́n ń gbà là á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Fate Core, tí Evil Hat ṣe jáde lọ́dún 2013 bákan náà, fàyè gba kí eléré yọ̀ǹda ìjà kí wọ́n tó ju dáìsì. Ọ̀tá á rí ohun tó ń wá gbà, àmọ́ ẹni tó yọ̀ǹda á bá wọn dá sí bí òun ṣe máa jáde níbẹ̀, kò ní bọ́ sínú èyí tó burú jù. Ìwé náà tún fún un ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní fate point, àti òmíràn lórí ọgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan tó gbà nínú ìjà yẹn, èyí tó lè ná níwájú. Òwe wa náà ló kúkú wí bẹ́ẹ̀: àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Ohun kan náà ni ìwé ti 1981 àti àwọn méjì yìí jọ ní, bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Àwọn eléré mọ iye tí sísá máa ná wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀; nínú ìwé ti 1981 àti 13th Age, ẹgbẹ́ ló tún jọ ń gbéra. Ohun tí ẹ̀dà karùn-ún kò fún wọn lójú ìjà gan-an nìyẹn, ohun tí atọ́kùn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá sí tábìlì sì nìyẹn.

Lílé àti sísá

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdùnnú eré sísá ṣì wà, kò pọn dandan kí ẹ pa dáìsì tì. Ìwé atọ́kùn ti 2014 ní òfin ìlépa tí ọ̀pọ̀ kì í ṣí rárá. Bí ìjà bá ti di ìlépa, ìkọlù ọ̀fẹ́ láàárín àwọn tó ń lé àtàwọn tó ń sá dópin, nítorí ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọrí sí. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan lè sáré ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú iye tí okun ara rẹ̀ bá fi kún un. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á ju dáìsì, àárẹ̀ lè mú un. Ohun ìdíwọ́ tún lè yọ lójijì, ẹni tó ń sá sì lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ìṣirò ogre tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan á dàrú pátápátá, àǹfààní á sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò yára.

Call of Cthulhu, eré ẹ̀rù tí Sandy Petersen kọ ní 1981, níbi tí bíbá ẹbọra jà kì í ti í sábà yọrí sí rere, fi abala odindi sílẹ̀ fún ìlépa nínú ẹ̀dà keje rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi dáìsì dán okun ara wò. Bí ẹni tó ń sá bá yára ju ẹni tó ń lé e lọ lẹ́yìn náà, ó ti lọ, wọn ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á to ọ̀nà sí ibi kan sí ibi kan, pẹ̀lú ewu àti ohun ìdènà láàárín wọn.

Ohun tí atọ́kùn máa ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣáájú ìjà ni. Lọ́jọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín ketekete pé àwọn ọ̀tá kan wà tí ẹgbẹ́ kò lè ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí àmì wà: egungun àwọn tó ti gbìyànjú, ẹlẹ́rìí tó sá là, kùmọ̀ kan tó wó ògiri lulẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́. Iyàrá ìjà kò sì gbọdọ̀ ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, àgàgà èyí tí ọ̀tá dúró sí ẹnu rẹ̀.

Èkejì, bí ìjà bá ń lọ tí ẹ rí i pé ó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ dá eré dúró díẹ̀, kí ẹ bi gbogbo wọn pọ̀: “Ṣé ẹ fẹ́ sá?” Ẹ má dúró de ẹni tó kàn. Bí wọ́n bá gbà, ètò ipò parí níbẹ̀, ẹgbẹ́ á gbéra papọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dárúkọ iye rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yàn. Ohun tí wọ́n lè fi san án pọ̀: ẹrù tí wọ́n gbé, àkókò, orúkọ rere, ẹni tí wọ́n wá gbà sílẹ̀, tàbí ọgbẹ́. Ikú nìkan ni kò yẹ kó wà lórí àtẹ yẹn, torí ikú ni wọ́n ń sá fún.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ dáìsì, ẹ fi í mọ níwọ̀nba. Ẹ jẹ́ kí eléré kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ẹ̀dá rẹ̀ ṣe láti ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, kó sì ju dáìsì kan. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá yege, wọ́n ti lọ. Bí wọ́n bá kùnà, iye á lọ sókè. Wọn ò ní padà síbi ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ń bá ogre méjì jà nínú ihò kan, àlùfáà sì ti dákú. Atọ́kùn dá eré dúró, ó bi wọ́n, wọ́n gbà láti sá. Ó ní: “Ẹ lè ju àpótí wúrà yẹn sílẹ̀ kí wọ́n má lè tètè lé yín, tàbí kí ẹ gbé e dání kí ẹ sì ju dáìsì.” Wọ́n ní àwọn ò fi wúrà sílẹ̀. Jagunjagun gbé àlùfáà kọ́ èjìká. Jàgùdà da ẹ̀gún irin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Oṣó fi ọfọ̀ mú kùrukùru bo ihò. Mẹ́ta ju dáìsì, méjì yege, wọ́n jáde tàwọn ti wúrà. Jagunjagun ni kò yege, nítorí náà asà rẹ̀ já bọ́ sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ogre kan ti fi asà yẹn ṣe àwo ìjẹun, ẹgbẹ́ sì ti ní ìdí láti padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nídìí tábìlì.

Ti àwọn eléré

Atọ́kùn nìkan kò lè dá a ṣe. Kí ẹ tó wọ ihò, ẹ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó máa jẹ́ àmì pé ó ti tó: bóyá bí ẹnìkan bá dákú, tàbí bí ọfọ̀ ìwòsàn bá tán. Ìpinnu tí wọ́n ṣe nígbà tí ara tutù ń dúró ju èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí kùmọ̀ wà lókè orí lọ. Ẹ pinnu ẹni tó máa gbé ẹni tó bá ṣubú. Ẹ sì ra irinṣẹ́: nínú ìwé ti 2014, àpò ẹ̀gún irin kan kò ju wúrà kan lọ, ọ̀tá tó bá gba orí rẹ̀ kọjá lè dúró gbagidi. Jàgùdà tó ti dé ipele kejì lè fi Disengage kún iṣẹ́ mìíràn láìpàdánù ìkọlù rẹ̀, oṣó sì lè ní ọfọ̀ kùrukùru láti ipele kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ tó bá ti mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣáájú á tún lè fi ara wewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n mọ iye tí yóò ná wọn láti jáde bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.